Rédíò Ní Kò Séwu

Ọjọ́ tí ogun dé bá wa, tíì ni mò ń pò lọ́wọ́. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ti ń la gẹdú ni à ń gbé nígbà náà, ó kọjá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú díẹ̀, lẹ́bàá títì tó lọ sí Bìní. Ràfíù ọkọ mi ń ta rédíò níwájú ilé. Èmi ń ta tíì, kòkó mímu, ṣúgà àti mílíìkì alágolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wá wo rédíò, mo máa ń po ife tíì kan fún un kí ó fi jókòó gbọ́ ohùn ọjà tó fẹ́ rà. Rédíò wa kì í ṣe tàwọn olówó. Rédíò kékeré alábátìrì ni, tí lébìrà tó ń la gẹdú lè fi owó oṣù rẹ̀ rà. Agbára káká la fi lè rí ilé kan ládùúgbò tí kì í ṣe ọwọ́ Ràfíù ni wọ́n ti ra asọ̀rọ̀mágbèsì wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí gbogbo ayé wà nínú fóònù yín, ẹ ò lè mọ ohun tí rédíò jẹ́ fún wa. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, a lè ní irọ́ ni. Bí rédíò bá ti sọ ọ́, ó parí. Ràfíù ló sì gbà á gbọ́ ju gbogbo wa lọ, torí òun ló ń tà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ti ń gba ojú títì kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n ní ṣọ́jà ń bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, awakọ̀ agbégilódò kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin tó máa ń mu tíì lọ́dọ̀ mi, dúró níwájú ilé wa. Kò paná ọkọ̀.

"Ìyá Sìdí, ẹ gbọ́mọ yín, ẹ gòkè! Ìjẹ̀bú-Òde tààrà ni mò ń lọ. Mi ò tún padà wá síbí mọ́."

Mo ti pọn Sìdíkátù. Kò tíì máa rá nígbà náà. Ràfíù jáde wá, rédíò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ka ìròyìn," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ ná."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò rí àwọn tó ń sá ni?"

"Ẹnì kan á sá, gbogbo ìlú á sá tẹ̀ lé e. Mo ní ká gbọ́ ìròyìn."

Mo ní, "Bàbá Sìdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ. A ó gbọ́ ọ nílé Ìyá yín."

Ó tan rédíò ọwọ́ rẹ̀. Awakọ̀ wojú mi, ó wojú Ràfíù, ó mirí, ó wakọ̀ lọ. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ọkọ̀ náà lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà dùn. Ó ní ọ̀nà dára, kí oníkálùkù máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò séwu. Ràfíù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o ti gbọ́?" Àwọn ará àdúgbò tó ti di ẹrù wọn tú u, torí pé ohun tá a gbọ́ làwọn náà gbọ́, nínú rédíò tí wọ́n rà lọ́wọ́ wa.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìbọn dún. Ìró àgbá kò ṣeé ṣàlàyé. Ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n kí etí tó gbọ́. Agolo mílíìkì ń já bọ́ láti orí pẹpẹ. A ò mọ ìhà tí àwọn ṣọ́jà náà wà, a ò sì dúró bi wọ́n. Mo di mílíìkì díẹ̀ sínú ìborùn mi, Ràfíù fi rédíò kan há abíyá, a gba ẹ̀yìnkùlé wọgbó.

Ọjọ́ mélòó kan la lò nínú igbó. A ò lè dáná nítorí èéfín. Ìbẹ́pẹ dúdú la ń jẹ. Ẹ̀rù àti ebi mú kí ọmú mi gbẹ. Sìdíkátù á fà á títí, á jù ú sílẹ̀, á figbe ta.

"Pa á lẹ́nu mọ́, wọ́n á gbọ́ wa," Ràfíù á wí.

"Kí ni kí n fi pa á lẹ́nu mọ́?"

Mo lu agolo mílíìkì, mo bu omi odò là á fún un. Ó mu ún, ó sùn, inú mi sì dùn. Nígbà tó jí ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tó bá mu kò dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ jìn, àwújẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀. Ràfíù rẹ ohùn rédíò sílẹ̀, ó fi í mọ́ etí, bóyá á gbọ́ ibi tí ọ̀nà ti là. Orin ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Mo ní kí ó bi rédíò pé kí ni ká ṣe fún ọmọ. Ó wò mí bíi pé mò ń fi í ṣẹ̀sín. Mi ò fi í ṣẹ̀sín rárá. Mo fẹ́ kí ó bi í ni.

Ẹ̀yìn mi ni ọmọ náà kú sí, láàárín oko kòkó kan. Mo ṣì ń rìn nígbà náà. Ìborùn tí mo fi di mílíìkì la fi dì í. Ràfíù fi igi walẹ̀, ó kírun sí i lára. Lẹ́yìn ogun, a padà lọ wá ibẹ̀. Gbogbo igi kòkó ló jọra. Rédíò yẹn náà, mi ò mọ ibi tó fi í sí. Mi ò bi í.

Nígbà tá a yọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àgbẹ̀ kan bá wa wá ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá ọkọ mi sáré jáde, ó nawọ́ sẹ́yìn mi láti gba ọmọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò ba nǹkan kan, ó káwọ́ lérí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè mí ní Ìyá Sìdí mọ́.

Mo bí àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ló bí yín. Ràfíù kò ta rédíò mọ́ títí ó fi kú. Mi ò dá a lẹ́bi lójú rẹ̀ rí. Nínú mi, mo dá a lẹ́bi, mo sì ń sunkún rẹ̀.

Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé Ìyá, àwọn tó ń wá kí wa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ń ṣe àmín. Ìyá sì ń fún mi ní tíì gbígbóná àti ẹ̀kọ láàárọ̀ lálẹ́, torí pé ara mi ti gbẹ. Mo ń mu ún, mi ò ro nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, bùbá mi tutù. Ọmú mi ti kún, ó le, omi rẹ̀ ń ya.

Mo pe Ìyá. Ó wá wò ó.

"Kí la ó ṣe sí i, Ìyá?"

"A ó fún un dànù, ọmọ mi."

Ó gbé àwo wá, ó jókòó tì mí. Ràfíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí wa, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kọjú síta. Mò ń fún un, ó sì ń wá.