Ọmọ Ọba Tó Bímọ Lójú Èrò

Nínú gbogbo ìtàn tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Èrúwà, ti ọmọ ọba òyìnbó kan, ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, ló ń rí mi lára jù. Wọ́n fi í fọ́kọ láàfin ìlú onílùú. Ojú èrò ló ti ń wọṣọ, ojú èrò ló ti ń jẹun. Lọ́jọ́ tó ń rọbí, àwọn ìjòyè rọ́ wọ yàrá lọ bá a, àwọn mìíràn tiẹ̀ gun àga kí wọ́n lè ríran dáadáa. Àbí irú kí nìyẹn? Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ gan-an, ìta ni yóò jókòó sí.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé aláìnítìjú ni. Mo máa ń bi wọ́n pé, “Ṣé kò lẹ́nu ni?” Wọn a bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Nígbà tó yá, èmi náà lóyún. Ìyá ọkọ mi, ará Igbó-Ọrà, fọwọ́ kan ikùn mi, wọ́n ní ìbejì ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n: “Màámi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ rí ìhòòhò mi.” Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀.

A dé ilé ìgbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì ní kí màmá lọ dúró síta. Bí wọ́n ṣe jáde ló kó akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án wọlé, tọkùnrin tobìnrin. “Ìbejì nìyí, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó dáadáa.” Ẹnì kankan nínú wọn ò kí mi. Ọ̀kan ń jẹ ẹ̀pà, èèpo rẹ̀ ń já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ẹ̀pà yíyan, mo máa ń sá kúrò níbẹ̀ ni.

Mo fẹ́ ní kí wọ́n jáde. Èmi tí mo ń jágbe mọ́ odindi kíláàsì, ẹnu mi kọ̀, kò là. Àwọn ọmọ méjèèjì wáyé láyọ̀. Àwọn èèyàn yẹn kó mi nírìíra, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo kó ara mi nírìíra jù.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, a tún dé orí ìtàn ọmọ ọba yẹn. Ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí nawọ́ sókè.

“Mà, ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ sọ pé kò nítìjú. Ṣé kò lẹ́nu ni?”

Àwọn ọmọ yòókù ti ń múra ẹ̀rín, wọ́n ń wojú mi.

“Ó lẹ́nu,” mo ní. “Èmi náà lẹ́nu.”