Ihò Méjìlá Tí Wọ́n Dí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Detlev Brüning wọ ilé oúnjẹ Gesine Wohlers, ó fi ìwé ìròyìn wé nǹkan kan há abíyá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá fún àfẹ́sọ́nà. Detlev ni alága ẹgbẹ́ ìtàn ìlú. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí tó ti kó wá láti Kassel, ìlú tó jìnnà, ó sì ti mọ gbogbo nǹkan nípa ìlú wa àfi àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

"Ẹ fi ọbẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná, Gesine, ẹ wá wo nǹkan," ló wí, ó sì tú ìwé ìròyìn náà. Pátákó idẹ kan ló wà nínú rẹ̀. "Sọ́ńdè tó ń bọ̀, tí gbogbo ilé àtijọ́ bá ṣílẹ̀kùn fún aráàlú, iwájú ilé yín la máa kàn án mọ́."

Gesine kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ní ọdún 1829 ni wọ́n kọ́ ilé yìí fún ṣíṣọ́ òkú. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń tẹ́ òkú sílẹ̀ níbẹ̀ nínú ooru, wọn á so okùn agogo mọ́ ọn níka, kí wọ́n má baà sin ẹni tó ṣì wà láàyè. Ṣíbí tó fi ń bu ọbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Gesine, ó rì sínú ìkòkò, kò tilẹ̀ ronú àtiyọ ọ́.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ ọ rí," ni Detlev wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó yà yín lẹ́nu, àbí?"

"Ó yà mí lẹ́nu," ni Gesine dáhùn.

Irọ́ ló pa. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Gesine ti mọ ohun tí wọ́n kọ́ ilé náà fún. Ohun tó já a láyà ni pé ẹlòmíràn náà ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí òun àti Hinnerk ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, kó wá láti abúlé wọn létí òkun, ilé olùtọ́jú ọgbà ni wọ́n kọ sínú ìwé ilé náà. Gbogbo ohun tí wọ́n ní pátá ló wọ inú rẹ̀. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ha bébà ògiri tó wà láàárín ilé ìdáná àti yàrá ìjẹun, ni wọ́n bá rí ihò. Ihò méjìlá ni, wọ́n tò lọ rẹrẹ, wọn ò ga ju orúnkún lọ, ìka ọwọ́ kan sì lè gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Hinnerk gun òkè àjà lọ wò bóyá òun á rí ohun tó fà á, ó sì mú ìwé olùṣọ́ kan bọ̀: inú ihò wọ̀nyẹn ni okùn agogo máa ń gbà láti ara òkú wọlé sọ́dọ̀ olùṣọ́. Ọkùnrin, ẹni ogójì ọdún, ọjọ́ kẹta, kò mira. Obìnrin, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ọjọ́ kẹta, kò mira. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó mira.

Hinnerk jókòó sórí korobá, jìnnìjìnnì bò ó.

"Ta ló máa wá jẹ ọ̀dùnkún níbi tí wọ́n ti tẹ́ òkú?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Kò sẹ́ni náà," ni Gesine wí.

Ọjọ́ náà ni Hinnerk po sìmẹ́ńtì, ó dí ihò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ju ìwé olùṣọ́ sínú iná. Wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn pé àwọn ò ní sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan, títí kan Silke ọmọ wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ ti wọ inú ilé kì í bú ilé.

Ẹ sì wo bí ayé ṣe rí: oúnjẹ ìsìnkú ló sọ ilé náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ti sin òkú tán, àwọn èèyàn á kúrò ní itẹ́ òkú lọ jẹ kéèkì oníbọ́tà, wọn á fi kọfí gbígbóná tì í, títí ẹkún á fi di ẹ̀rín. Kò sì sẹ́ni tó mọ kéèkì yẹn ṣe tó Gesine. Agbára káká la fi rí ìdílé kan ládùúgbò tí kò jẹ kéèkì òkú rẹ̀ nínú yàrá yẹn gan-an. Tí Gesine bá ti gbé àwo kọjá lẹ́bàá ògiri, ọkàn rẹ̀ á ka ihò méjìlá náà láìrán an níṣẹ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Irọ́ ti Gesine kò tilẹ̀ pé ogún. Ó bẹ Detlev pé kó fún òun láyè díẹ̀, Detlev ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìlú. Ọjọ́ méjì gbáko ni Gesine kò fi jẹun kanú. Ó rí ilé oúnjẹ náà lófìfo lójú ọkàn rẹ̀, àga lórí tábìlì. Níkẹyìn ó pinnu pé ẹnu òun ni kí àwọn oníbàárà ti gbọ́ ọ, kó má jẹ́ lára idẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ará tábìlì ẹ̀gbẹ́ ààrò ti jókòó bí ìṣe wọn. Tábìlì yẹn, kódà kó ṣófo, àlejò kì í jókòó síbẹ̀. Ewald Ahrens tó wa ọkọ̀ ojú irin fún ogójì ọdún wà níbẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò Lührs tí kì í lanu sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, Màmá Meta Köster, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, sì ni ọ̀gá wọn.

Gesine nu ọwọ́ mọ́ ápúrọ̀ọ̀nù. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Tí mo bá sọ ọ́ tán, tẹ́ ẹ bá dìde lọ, mi ò ní bínú."

Ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ihò, okùn, ìwé olùṣọ́, sìmẹ́ńtì. Nígbà tó dákẹ́, kò sẹ́ni tó dìde. Ewald gbé bíà rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí Màmá Meta.

"Ẹ gbọ́ ọ, Màmá? Ó mọ̀ o."

"Mo gbọ́. Ṣé adití ni mí ni?"

"Láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn!"

"Kí lẹ ń sọ?" ni Gesine bèèrè.

"Gesine, ọmọ mi," ni Màmá Meta wí, "ta lo rò pé ó kọ ìwé tẹ́ ẹ dáná sun yẹn? Bàbá bàbá mi ni. Òun ló ṣọ́ ibí gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ládùúgbò. Ọkùnrin tó gba ilé yìí ṣáájú yín, Ewald ló fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà létí ẹ̀. Kí oṣù tó parí ó ti sá lọ, ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná. Ọdún mẹ́ta la ò fi rí ibi jẹun."

"Ṣé ẹ ò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn ni?" ni Ewald wí.

"Mi ò ní gbàgbé ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ wá dé, ojúlé dé ojúlé ni mo lọ. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́ létí obìnrin yẹn, èmi àti ẹ̀ ni. Detlev nìkan la gbàgbé láti kìlọ̀ fún."

"Ará Kassel," ni ọ̀kan nínú àwọn Lührs wí, kò sì tún sọ nǹkan mìíràn títí oṣù fi parí.

Ọdún mọ́kàndínlógún, nǹkan kan náà, wọ́n ń fi pa mọ́ fún Gesine, ó ń fi pa mọ́ fún wọn, wọ́n sì jọ ń jẹun lójoojúmọ́. Ẹ̀rín ti ń gbé e nínú kó tó rí i pé Màmá Meta kò rẹ́rìn-ín.

"Mo rò pé o ò mọ̀ ni," ni ìyá arúgbó náà rọra wí. "Tó o bá mọ̀, wá dá mi lóhùn. Nígbà tí Hinnerk kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kí ló dé tó ò ṣe kéèkì ẹ̀? Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn yíyìn ṣeré lo kó wa lọ, kéèkì gbígbẹ inú ọ̀rá lo gbé síwájú wa. O ti ṣe kéèkì òkú gbogbo wa. Ti ọkọ ẹ, o lọ rà á. A rò pé o ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ni."

Gesine gbá ẹ̀yìn àga mú. Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó po ìyẹ̀fun fún Hinnerk, ó wo yàrá yẹn, ó sì rí ọkọ rẹ̀ lójú ọkàn rẹ̀ lórí pákó láàárín àwọn òkú méjìlá, okùn níka rẹ̀, òun náà nínú ilé ìdáná tó ń tẹ́tí sí agogo. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti wọ inú ìyẹ̀fun. Kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láìtú àṣírí ilé, ló bá ní yàrá òun kéré. Kò sẹ́ni tó bi í síwájú sí i, nítorí lọ́dọ̀ wa, a kì í bi èèyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. A kàn máa ń gbà á sí ibi tó bá wù wá ni.

Ó ṣàlàyé fún wọn. Lẹ́yìn náà ni èrò kan gbá a láyà: Silke. Ìlú Bremen ni Silke ń gbé báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀, ọjọ́ Kérésì nìkan ló ń wá, á mu omi, á wo aago, á lọ. Iṣẹ́ ni Gesine máa ń dá lẹ́bi.

Ó wọ ilé ìdáná, ó pè é lórí fóònù.

"Màmá? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Silke, ilé òkú ni ilé wa yìí tẹ́lẹ̀."

"Mo mọ̀. Kíláàsì kẹfà ni mo ti mọ̀. Màmá Meta ní tí mo bá sọ fún yín, òun á gé mi létí. Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe pè mí níbi iṣẹ́?"

"Torí kéèkì bàbá ẹ ni mo ṣe pè."

Gesine sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ pákó, ti okùn, ti ọwọ́ tó kọ̀.

"Ẹ ní yàrá náà kéré," ni Silke wí.

"Mo mọ̀."

"Ọgbọ̀n èèyàn ló wá, Màmá. Ọgọ́ta ló ń gbà."

"Mo mọ̀, Silke."

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé ẹ ò fẹ́ràn..." Ẹkún gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó fọn imú. "Sátidé ni mò ń bọ̀. Ẹ má tíì po ìyẹ̀fun kankan. A jọ máa pò ó ni."

Orí àpò ìyẹ̀fun ni Gesine jókòó sí, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ará tábìlì ni wọ́n dìde bu ọbẹ̀ ara wọn lọ́jọ́ náà.