Odán Inú Ìkòkò Ìyá Mi

Òórùn igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, oje funfun ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Odán wa ló ń gé. Kì í ṣe ẹ̀ka nìkan, gbòǹgbò pàápàá ló ń gé, ó sì ń sunkún.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Kpata, ní Lọ́kọ́ja níbí, ẹ rántí òfin ilẹ̀ nígbà náà. Àlejò lè kọ́lé, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi, nítorí ẹni tó bá gbin igi ti fẹ́ sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń kóni lẹ́rú ló lé wa kúrò ní abúlé wa lórí òkè Oworo. Bàbá mi kò bá wa dé Lọ́kọ́ja. Ẹ̀ka kan tí ìyá mi já lára odán ojúde abúlé, èyí tí àwọn àgbà máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, ni gbogbo ẹrù tó gbé sá. Inú ìkòkò ló gbìn ín sí, ó sì ń gé e lọ́dọọdún kó má baà tóbi. "Àjò kì í dùn kónílé má relé," ló máa ń wí fún un bó bá ń bomi rin ín.

Lọ́dún yẹn, gbòǹgbò ti la ìdí ìkòkò, ó ti wọlẹ̀. Onílé wa, oníṣòwò ará Ìlọrin kan, rí i.

"Ìyá Olú, igi yín ti wọ ilẹ̀ mi o. Kí n tó ti ìrun Jímọ̀ dé, kó ti kúrò níbẹ̀."

Ìyá mi ra ìkòkò tuntun lọ́wọ́ àwọn ará Núpé létí odò. Ó po yanrìn mọ́ ilẹ̀dú kí omi má baà dúró sídìí rẹ̀, ó sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí oòrùn má pa á. Èmi ló fi ṣọ́ ọ. Mo fẹ́ da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, ó gbá mi lọ́wọ́: "Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́sẹ̀, ṣé iyán la fi ń kí i?" Gbogbo ewé rẹ̀ já. Láràárọ̀, kí n tó bọ́jú, màá fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀ láti wò bóyá ó ṣì tutù. Mo kórìíra onílé náà débi pé mi ò kí i mọ́. Nígbà tí ewé kan yọ ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́, mo pariwo, ìyá mi sì jó.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé láti òkè. "Ọ̀kún o," ló fi kí wa, "ilé ti rójú." Ìyá mi gbé ìkòkò rù, a gbọ̀nà ilé.

Ẹlòmíràn ti kọ́lé sórí ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n bi ìyá mi pé, "Igi wo lẹ ní níbẹ̀?" Igi ni ẹlẹ́rìí ilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Tiwa ti jóná mọ́ ilé. Ìyá mi sọ ìkòkò kalẹ̀: "Odán ojúde yín rèé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Èyí tí ewúrẹ́ kan lè jẹ tán?" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń wolẹ̀. Títí di òní, ẹ̀rín yẹn ṣì ń bí mi nínú ju ohun tí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe lọ.

A padà sí Lọ́kọ́ja. Ìyá mi kò bá igi náà sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni mò ń bomi rin ín títí a fi sin ìyá mi, ní ilẹ̀ onílẹ̀.

Àwọn ọmọ onílé náà ti fún mi nílẹ̀ tí mò ń gbé yìí báyìí, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Mo lè gbin igbó síbẹ̀ bó bá wù mí. Odán náà ṣì wà nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà mi, kò ju orúnkún lọ. Ọmọbìnrin mi bi mí léṣìí pé, "Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò gbìn ín sílẹ̀?" Mo ní kó lọ pọnmi.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, tó ń ha èèpo igi láràárọ̀, gbà pé ilẹ̀ kan wà tó ń retí wa. Èmi tí mo nílẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, màá pọ́n ọ̀bẹ mi, màá kúnlẹ̀, màá sì gé gbòǹgbò rẹ̀ kó má baà wọlẹ̀.