Àwọn Tó Ń Gbé Kọ̀ǹpútà Wá Bá Mi

Bí ọ̀kadà bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo háyà n'Ígbó-Ọrà nígbà yẹn, inú mi á ti dùn kí n tó mọ ẹni tó wá. Èmi nìkan ni mò ń gbé. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wà káàkiri ayé, mi ò sì rí ojú ẹnì kankan nínú wọn rí. Ètò ọ̀fẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, tó fi ń ṣiṣẹ́, la jọ ń tún ṣe, kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ṣì le nígbà náà. Torí pé ó le làwọn ará àdúgbò ṣe ń gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wọn wá, tí a ó jókòó, tí a ó máa tàkúrọ̀sọ títí yóò fi parí. Àwọn nìkan ni àlejò mi. Èmi ọlọ́gbọ́n, mi ò rò ó pé bí iṣẹ́ mi bá yọrí, wọn ò ní wá mọ́.

Ìyá Ìbejì tó ń yan gààrí ládùúgbò wa ra kọ̀ǹpútà kan fáwọn ọmọ wọn méjèèjì. Wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ètò náà sórí rẹ̀ fúnra wọn, kí n lè rí ibi tó máa há sí. Ó ń lọ déédéé, àfi ìgbà tó béèrè orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Wọ́n ká ọwọ́ kúrò.

"Bọ̀ọ̀dá, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló ń béèrè."

Mo ní kí wọ́n kọ ti Táyé, ká fi ti Kẹ́hìndé kún un tó bá yá. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé.

"Ṣé Igbó-Ọrà yìí náà lẹ ń gbé? Ta ló ń ṣe fún Táyé kó ní kí Kẹ́hìndé ṣì dúró?"

Wọ́n pa á dé, wọ́n gbé e lọ.

Mo jókòó ti ojú-ewé tó ń béèrè orúkọ yẹn títí mo fi tún un kọ, tó lè gba orúkọ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ránṣẹ́ sáwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ẹnì kan dáhùn pé ó dáa. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún ibi tẹ́rù ti máa ń ba àwọn èèyàn pé fọ́tò àwọn á sọnù ṣe pẹ̀lú. Nígbà tó yá, ó wá rọrùn bí ẹní fẹran jẹ̀kọ.

Ìyá Ìbejì ṣe tiwọn nílé láìpè mí. Mo pàdé wọn lọ́nà ọjà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá, ó ti ń ṣiṣẹ́ o. A ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́." Àdúrà rẹpẹtẹ ni wọ́n fi tì í. Mo ṣe àmín, àmọ́ ó dùn mí. Àwọn yòókù náà ò wá mọ́.

Wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mo da omi tèmi, ẹlòmíì ló ń tẹ ilẹ̀ ẹ̀.

Èrúwà ni mo wà báyìí, iṣẹ́ kan náà ni mo ṣì ń ṣe. Nígbà míì tí mo bá rí ibi tó le nínú ètò náà, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá ẹnì kan á kanlẹ̀kùn. Mo ṣáà máa ń tún un ṣe.