Ọkọ̀ Ọba tó wà ní gáràjì Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lóṣù yìí, mi ò lè dá a gbé mì. Ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Àbúrò màmá mi kan wà ní Chatham, ní Chicago níbí, Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n léèrè iṣẹ́ wọn, mọ́tò wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, onílẹ̀kùn méjì, imú rẹ̀ gùn, irú èyí tí àwọn olówó fi ń rin ìrìn àjò jíjìn nígbà náà. Ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan l'Ékòó ni wọ́n ti rà á. Kọ̀ǹténà ló gbé e dé Chicago, ọdún mẹ́fà ni wọ́n sì fi tún un ṣe. Ó ń dán báyìí débi pé ẹ lè wo ara rẹ̀ wé gèlè!

Ìwé kékeré kan bá mọ́tò náà wá, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ti ni ín sí. Epo ti ba ìlà kẹta jẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló ṣẹ́kù níbẹ̀: Oko Oba. Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá kà á lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n figbe ta: "Ọkọ̀ Ọba! Ọba ló ni mọ́tò mi!"

Ọba wo? Ìlú wo? Wọn ò mọ̀. Ṣé ìyẹn dá wọn dúró? Rárá o!

Látọjọ́ náà, wọn ò dé fìlà wa mọ́tò yẹn mọ́. Màmá Bísí, ìyá àgbà kan láti South Shore, wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ló bá kúnlẹ̀ níwájú gáràjì: "Kábíyèsí o! Kí adé pẹ́ lórí!" Orí wo? Mo wo bónẹ́ẹ̀tì náà títí.

Àwọn ẹ̀rí wọn gan-an ló ń dà mí láàmú. Ìkọ́ irin mẹ́rin wà nínú búùtù. Bọ̀ọ̀dá ní ibẹ̀ ni ọba ń gbé agbádá kọ́. Kò sí ìjókòó ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n rà á. Wọ́n ní kí aṣọ ọba lè ráyè tẹ́ ni. Ìwo màlúù kan jáde lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní afunpè ààfin ló gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀! Mo béèrè pé kí ló dé tí ọba á fi máa kó aṣọ sí búùtù. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ti kàwé jù."

Àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ wá fẹ́ ṣe àfihàn ní Park Forest. Wọ́n á fún mọ́tò tí ìtàn àwọn tó ti ni ín bá dára jù ní ìwé ẹ̀rí. Bọ̀ọ̀dá ní èmi ni kí n kọ ìtàn tiwọn, torí ìmọ̀ ìṣirò ni mo gboyè nínú ẹ̀. Orúkọ mi ló máa wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ sì rántí pé iṣẹ́ ìwádìí ni mò ń wá kiri báyìí o! Tí ọ̀gá kan bá rí i pé mo buwọ́ lu ọba tí kò lórúkọ ńkọ́?

Mo bá jókòó ti ìwé náà. Ìlà kìíní: òyìnbó ẹnjiníà kan, Ikoyi. Ìlà kejì: lọ́yà kan, Yaba. Ìlà kẹta: epo, Oko Oba.

Ẹ ti rí i, àbí? Ọ̀rọ̀ tó parí ìlà kọ̀ọ̀kan, àdúgbò ni!

Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, mi ò mọ Èkó. Bọ̀ọ̀dá náà, tààrà láti Ìkìrun ni wọ́n ti wá síbí, fóònù ni wọ́n sì fi ra mọ́tò náà. Mo bá pe màmá mi, tí wọ́n ti padà sí Èkó. Mo ní ṣé ibì kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Oko-Ọba kẹ̀, lápá Agége, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù! Wọ́n ní ṣé ẹran ni mo fẹ́ rà ni?

Màlúù. Ìkọ́ irin. Ìwo. Ẹ gbà mí o!

Síbẹ̀, mo gbé e wò dáadáa. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé Oko-Ọba. Mo bá kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ẹni kẹta jẹ́ alápatà. Láàárọ̀ ọjọ́ àfihàn, mo mú un lọ fún Bọ̀ọ̀dá.

"Alápatà?"

"Ó ṣeé ṣe ni mo kọ, Bọ̀ọ̀dá."

"Màmá Bísí ti kúnlẹ̀ fún mọ́tò yìí! Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé ṣàkì ni wọ́n ń kí ní Kábíyèsí?"

"Ẹ máà bínú, sà. Mi ò lè buwọ́ lu ohun tí mi ò lè gbèjà."

Wọ́n nu ojú kan náà lára ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ kà á fúnra mi, àwọn ò lẹ́nu ẹ̀.

Níbi àfihàn, mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì túmọ̀ ẹ̀ fún àwọn àgbà wa tó wá.

"Ẹ dúró ná," Màmá Bísí ní. "Ọba tí mo kúnlẹ̀ fún, ẹran ló ń tà?"

Ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn: "Màmá, ẹ bá wa wo búùtù, bóyá pọ̀nmọ́ ṣẹ́kù!"

Ẹ̀rín sọ! Mi ò lè wo ojú Bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló bọ́ síwájú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òótọ́ ni mo kọ, àwọn làwọn ka ohun tí kò ní àmì bó ṣe wu àwọn. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn, àbí?

Òyìnbó obìnrin tó ń ṣe ìdájọ́ wá bi mí pé kí làwọn àgbà ń rín. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù: oko ni ibi tí àgbẹ̀ ń dá, ọkọ̀ ni ohun tí a ń wọ̀, ọba ni ọba, alápatà ló ń pa ẹran. Ó ń mi orí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá béèrè pé ṣé ọba àwọn alápatà lọkùnrin náà nígbà náà?

Kí n tó la ẹnu, Bọ̀ọ̀dá ti dáhùn: "Yes, madam!"

A gba ẹ̀bùn náà. Ó wà nínú ìwé ẹ̀rí pé ẹni kẹta tó ni mọ́tò yìí ni Ọba Gbogbo Alápatà Èkó. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùṣèwádìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi í-meèlì ránṣẹ́ pé kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n fèsì pé ìrẹ̀lẹ̀ mi wú àwọn lórí!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́? Wọ́n ti rí ìwé ẹ̀rí náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n sọ fún wọn nípa ọba tí mo ṣàwárí. Mo ní kì í ṣe ọba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alápatà, ẹ̀rí mi ò sì tíì pé. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní àwọn á pè mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ká máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́! Ẹni tó kọ ìwé yẹn l'Ékòó rò pé gbogbo ayé ló mọ àdúgbò òun. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo tí kò lámìí ló ti kó yín sí wàhálà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ fi àmì sí i o!