Ìdá Márùn-ún nínú Ẹgbẹ̀rún ti Kí Ni?

Bátìrì kejì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kì í ṣe ojú lásán.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ta wáyà àti gílóòbù níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yìí kí ó tó fún un láyè lórí tábìlì ìtúnṣe tó wà lẹ́yìn. Àǹtí Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò bínú sí orúkọ náà, àmọ́ kò fẹ́ kú sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ni àtùpà mẹ́ta tí àwọn agbẹ̀bí ilé ìwòsàn òdìkejì títì máa ń lò bí iná bá lọ. Bátìrì tuntun tó rà sínú wọn kò gbọdọ̀ gbà ju 4.20 fólítì lọ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á wú. Páwà sọ́pláì orí tábìlì ló fi ń fún wọn níná, ẹ̀rọ onígun mẹ́rin kan tí èèyàn ń yí títí nọ́ńbà tó fẹ́ á fi hàn lójú rẹ̀. Ó yí i sí 4.20 géérégé. Síbẹ̀, méjì ti wú.

"Bátìrì ayédèrú lo rà," ni ọ̀gá wí. "Àbí ọwọ́ ẹ ló gbóná? Ó ku ọ̀kan. Bó bá tún wú, wáyà ń dúró dè ẹ́ níwájú."

"Kò ní wú, sà."

"Ṣé o máa bẹ̀ ẹ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi yọ ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ náà wá látinú páálí, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó sì mú un wálé. Ó kà á sókè bí ẹni ń ka lẹ́tà ọ̀tá. Wọ́n ní nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ lè fi ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún lé tàbí kó fi dín.

"Ìyẹn mà kéré," ni mo wí.

"Ó kéré lóòótọ́. Bátìrì ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára." Ó fi ìka lé ìlà wínníwínní kan nísàlẹ̀. "Àbúrò, dúró ná. Ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ti kí ni?"

Kì í ṣe ti iye tí èèyàn yí i sí. Ti iye tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ náà lè gbé jáde ni, ìyẹn ọgbọ̀n fólítì. Ó ṣírò rẹ̀: 0.15. Ẹ̀rọ náà lè máa gbé 4.35 jáde kó sì máa pè é ní 4.20, kó má sì tíì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Rédíò tí ọ̀gá ń tún ṣe, tó ń lo fólítì méjìlá, kò ní bìkítà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi lò ó lọ́dún mẹ́jọ láìfura.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ṣẹ́, ó yá mítà kan tí wọ́n fi ń wọn fólítì, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lọ́dún náà, déètì wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó dá ìwé pélébé náà padà sórí tábìlì, ó sì fi mítà kan ẹnu páwà sọ́pláì. Ojú ẹ̀rọ ní 4.20. Mítà ní 4.33.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó."

Ọ̀gá wò ó títí. "Mítà ọlọ́mítà ló ń tàn ẹ́ jẹ."

"Ẹ wo déètì ara rẹ̀, sà. Ìlà kan nínú ìwé ẹ̀rọ yín pàápàá sọ ọ́. Ti ẹ̀rọ yín ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀ kẹ́yìn?"

Ọ̀gá yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò, kò rí bébà kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi yí ẹ̀rọ náà wálẹ̀ títí mítà fi sọ pé 4.20. Ojú ẹ̀rọ ti wà ní 4.07 nígbà náà. Ibẹ̀ ló ti fún bátìrì kẹta níná, ó sì fi àtùpà náà lé agbẹ̀bí kan lọ́wọ́ pé kó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, kó wá dá a padà fún àyẹ̀wò. Fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kò sí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé tí ẹ̀gbọ́n mi kò gbójú sókè wò.

Agbẹ̀bí dé lọ́jọ́ kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi tú àtùpà, ó gbé rúlà lé orí bátìrì. Rúlà kò mì. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ọmọ méjì ni mo fi gbà lánàá," ni agbẹ̀bí wí. "Àtùpà mẹ́rin mìíràn rèé nínú báàgì. Jọ̀ọ́ o, má jẹ́ kí wọ́n wú. Ikùn tó wú lọ́dọ̀ wa ti tó wa."

Ọ̀gá ló gba báàgì náà. Ó gbé e kọjá ibi tí wáyà wà níwájú, ó lọ gbé e sórí tábìlì ẹ̀yìn, ó sì ṣí ìwé pélébé náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí," ni ó wí, "wá fi ìlà yẹn hàn mí."