Àǹtí Kéwú Bẹ Ọmọ Aránṣọ ní Gbangba

Àǹtí Kéwú ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é, títí kan púrìnsípà tó dàgbà jù ú lọ. Ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí irọ́ pípa, kíláàsì á pa lọ́lọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá ní kíkán. Mọ́nítọ̀, ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé dáadáa, ní òun fojú ara òun rí ẹni tó kán an. Ó nàka sí ọmọ aránṣọ, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn. Ọmọ yẹn ní òun kọ́. Àǹtí Kéwú ò gbà. Níwájú gbogbo ilé-ìwé ló ti pè é ní òpùrọ́.

Lọ́sàn-án ni ìyá tó ń gbálẹ̀ wá bá a.

"Àǹtí, ta ló ní wọ́n kán ẹ̀rọ yẹn? Ó ti dípẹtà tán. Ojú mi ló ṣe já bọ́, kí ọmọ kankan tó dé."

Àǹtí Kéwú dìde. Ó gba ọ́fíìsì púrìnsípà lọ tààrà.

"Sà, mo fẹ́ bẹ ọmọ yẹn níbi àsẹ́ńbílì lọ́la."

"Bẹ ta? Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ kí ẹ bá a sọ ọ́. Tí olùkọ́ bá ń bẹ ọmọdé, ṣé wọn ò ní rí wa fín ni?"

"Gbangba ni mo ti bú u, sà. N ò lè wá máa bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀."

"Mo ní kí ẹ má dán an wò!"

"Mo gbọ́ yín, sà. Àmọ́ mo máa ṣe é."

Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ tò. Àǹtí Kéwú gun pèpéle, ó pe ọmọ aránṣọ jáde.

"Mo pè ọ́ ní òpùrọ́, òótọ́ lo sì ń sọ. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Púrìnsípà ń wò ó bí ẹni fẹ́ gbé e mì. Níbẹ̀ ni mọ́nítọ̀ ti bú sẹ́kún.

"Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn, mà. A jà ni, inú sì ń bí mi."

Ni púrìnsípà bá fa pàṣán yọ. Àǹtí Kéwú bọ́ sílẹ̀, ó dúró sáàárín wọn gbọin.

"Ẹni tó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ nà yìí, sà? Tí ẹ bá nà án, ta ló tún máa jẹ́wọ́ nílé-ìwé yìí mọ́? Ó máa bẹ ẹnìkejì rẹ̀, ó sì máa bá wa gbá ibi àlùwàlá. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní nà án lójú mi."

Pàṣán ò balẹ̀. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, púrìnsípà ti ní Àǹtí Kéwú ò gbọdọ̀ gun pèpéle mọ́, ó sì lé kíláàsì rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí páànù ti ń móoru bí ààrò.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ọ ni?"

Ó ní tí wọ́n bá lé òun, ibi tí òun bá tún lọ, bẹ́ẹ̀ náà lòun máa ṣe.

Ọmọ aránṣọ ò tètè yọ́nú o. Ó ń kí i, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín. Àǹtí Kéwú ò fipá mú un. Ó ní ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ó pẹ́ gan-an kí ọmọ yẹn tó nawọ́ sókè lọ́jọ́ kan nínú yàrá gbígbóná náà.

"Mà, ohun tí ẹ kọ sójú pátákó yẹn ò tọ̀nà."

Gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Àǹtí Kéwú wo pátákó, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì na ṣọ́ọ̀kì sí i.

"Dìde, wá tún un kọ."